Ọ̀wẹ̀ Àwọn Kọ̀ǹpútà

Ẹni tí ó bá ti ro oko rí ní Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà Àkókó mọ ọ̀wẹ̀: oníkálukú gba poro tirẹ̀, kò dúró de ẹnì kejì. Ní 1994, Thomas Sterling àti Donald Becker so kọ̀ǹpútà kéékèèké 16 pọ̀ ní Amẹ́ríkà láti jọ ṣe iṣẹ́ kan. Àwọn ayàwòrán ìṣègùn jèrè rẹ̀. Kí a tó mọ ìwọ̀n ìtànṣán X-ray tí yóò fi àìsàn ọmọdé hàn láìpa á lára, a ó fi ìṣirò tọpa ọ̀pọ̀ àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ìtànṣán nínú ara àfarawé. Ọ̀kan kì í dúró de èkejì. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gba poro tirẹ̀. (Àáró kọ́ ni mo pè é: ẹ̀rọ kì í retí ẹ̀san.) Kíkó èsì jọ wà lára ohun tí ọ̀wẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mú yá.