Fífi Èdè Ètò Sórí Linux àti Yíyọ Rẹ̀ Kúrò: Ìtàn Python 2 nínú Debian (2000–2023)

Àwọn tó ń kọ ìtàn ẹ̀rọ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ohun tuntun dé. Ọjọ́ tí wọ́n yọ ohun náà kúrò kì í gbà ju ìlà kan lọ nínú ìwé wọn. Èrò mi nínú iṣẹ́ yìí ni pé ọjọ́ yíyọ ló ń kọ́ òpìtàn lẹ́kọ̀ọ́ jù, nítorí ọjọ́ náà ni a máa ń rí gbogbo ohun tó ti fẹ̀yìn ti ohun tí a fẹ́ yọ. Mo fi Python 2 ṣe àpẹẹrẹ, èdè kan tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Inú Debian ni mo ti wò ó, ọ̀kan nínú àwọn àkójọ ètò Linux tó pẹ́ jù, tí Ubuntu ti jáde. Màá kọ́kọ́ sọ bí fífi ètò sórí ẹ̀rọ ṣe di ìrọ̀rùn. Lẹ́yìn náà, màá sọ ìdí tí yíyọ èdè fi yàtọ̀, bí Python 2 ṣe kúrò, àti ohun tí èyí fi kan àwa tí à ń ṣiṣẹ́ lórí èdè Yorùbá.

1. Bí fífi ètò sórí ẹ̀rọ ṣe rọrùn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ Linux, láti 1991, ẹni tó bá fẹ́ ètò kan sábà máa ń wá ohun tí ẹni tó kọ ọ́ kọ, á sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀rọ lè lò, á sì kó àwọn fáìlì rẹ̀ sí ibi tí wọ́n yẹ. Bó bá fẹ́ yọ ọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ta ni yóò rántí ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà?

Ian Murdock dá Debian sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1993. Nínú Debian, ìdì ni ètò ń bá wá: àwọn fáìlì rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn ìdì mìíràn tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí wọn, ni a dì pọ̀. Irinṣẹ́ tó ń tú ìdì náà ni dpkg, tí Ian Jackson tún kọ ní èdè C ní 1994. Ohun tí mo kà sí pàtàkì jù nínú iṣẹ́ dpkg ni àkọsílẹ̀ rẹ̀: gbogbo fáìlì tí ìdì kan gbé wá ló wà níbẹ̀ ní orúkọ. Àkọsílẹ̀ yìí ló jẹ́ kí yíyọ ṣeé ṣe.

Ṣùgbọ́n dpkg kì í lọ wá ohun tó kù. Bí ìdì kan bá nílò òmíràn tí kò sí lórí ẹ̀rọ, ó máa ń dá ọ̀rọ̀ padà fún ẹni tó pè é. APT, tó wọ Debian 2.1 ní oṣù Kẹta 1999, ló gba iṣẹ́ yẹn ṣe. Láti ìgbà náà, ìlà apt-get install kan péré ti tó láti mú ètò kan àti gbogbo ohun tó nílò wọlé.

Yíyọ náà ní àṣẹ tirẹ̀, ó tilẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Remove máa ń yọ ètò, á sì fi àwọn fáìlì ìṣètò sílẹ̀ nínú /etc, nítorí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ lè ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún wọn ṣe. Purge kì í fi wọ́n sílẹ̀. Autoremove ní tirẹ̀ máa ń gbá àwọn ìdì tó tẹ̀lé òmíràn wọlé, tí kò sí ìdì tó tún nílò wọn mọ́.

2. Èdè kì í dá jáde

Bí mo bá yọ ètò tó ń kọ orin lórí ẹ̀rọ mi, orin nìkan ló dákẹ́. Èdè kò rí bẹ́ẹ̀. Guido van Rossum bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Python ní Amsterdam ní ìparí 1989, ó sì gbé e síta ní 1991, Python 2.0 jáde ní oṣù Kẹwàá 2000. Láàárín ìgbà náà àti ọdún díẹ̀ sí i, àwọn tó ń ṣe Linux fúnra wọn ti ń fi Python kọ irinṣẹ́ wọn. Ní Debian, reportbug, tí a fi ń fi àṣìṣe ètò sùn, Python ni wọ́n fi kọ ọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí APT yọ Python lórí Ubuntu yóò rí orúkọ ìdì rẹpẹtẹ tó fẹ́ bá a lọ, ojú iṣẹ́ tó ń wò náà sì lè wà lára wọn. APT máa ń ka orúkọ wọn síta kó tó béèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ti perl-base, tí Debian kà sí ara ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ni lásán kò tó: tẹ́lẹ̀, odindi gbólóhùn ni APT máa ń ní kí a tẹ̀ kó tó gbà.

3. Ọdún mẹ́rìnlá àti ààbọ̀

Python 3.0 jáde ní oṣù Kejìlá 2008. Kò bá Python 2 dọ́gba, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Python 2.7, ẹ̀yà ìkẹyìn, dé ní oṣù Keje 2010. Ọdún 2015 ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún òpin ìtọ́jú rẹ̀. Ní 2014, wọ́n sún un sí 2020.

Àkójọ kọ̀ọ̀kan gba ọ̀nà tirẹ̀. Arch Linux yí orúkọ python sí Python 3 láti oṣù Kẹwàá 2010. Debian gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, python fún èyí àtijọ́, python3 fún tuntun, ó sì ń yẹ àwọn ìdì wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí tí a lè tún kọ, a tún un kọ, èyí tí kò ní olùtọ́jú mọ́, òun àti Python 2 jọ lọ. Calibre, tí a fi ń tọ́jú ìwé orí kọ̀ǹpútà, kò bọ́ sórí Python 3 títí di ẹ̀yà 5.0 rẹ̀ ní 2020. Nínú Debian 11, ní oṣù Kẹjọ 2021, python2.7 ṣì wà, ṣùgbọ́n kò sí ìdì tó ń jẹ́ python lásán mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ orúkọ náà ní láti yan python-is-python2 tàbí python-is-python3. Nínú Debian 12, ní oṣù Kẹfà 2023, Python 2 kò sí mọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ yẹn gba ọdún mẹ́rìnlá àti ààbọ̀.

4. Ohun tó fi kàn wá

Ọ̀kan nínú ìdí tí Python 3 fi yàtọ̀ ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Nínú Python 2, ọ̀rọ̀ tí a kọ sáàárín àmì àyọlò jẹ́ báìtì lásán, àfi bí a bá fi u ṣíwájú rẹ̀. Nínú UTF-8, e gba báìtì 1, ɛ tí à ń lò nínú álífábẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Benin gba 2, ẹ ti Nàìjíríà sì gba 3. Nítorí náà, bí a bá ní kí Python 2 ka lẹ́tà inú ẹyẹ, 7 ni yóò sọ. Bí a bá kọ ọ́ ní ɛyɛ, 5. Python 3 sọ 3 fún méjèèjì. Kò tíì tán síbẹ̀, nítorí àmì ohùn orí ẹ̀ dá dúró gẹ́gẹ́ bí àmì tirẹ̀: lẹ́tà mẹ́ta inú ọ̀rọ̀, Python 3 kà á sí 5.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ìwádìí. Bí ẹnì kan bá ti fi Python 2 ka gígùn ọ̀rọ̀ nínú àwọn ìwé tí a kọ ní Kétu àti ní Ìbàdàn, ìyàtọ̀ tó rí lè jẹ́ ti álífábẹ́ẹ̀tì, kó má jẹ́ ti èdè. Láti mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni, a ní láti tún ètò náà ṣe lórí ẹ̀rọ. Debian 12 kò lè ṣe é. Bí a bá sì tún ètò náà kọ ní Python 3, iye tuntun ni yóò mú jáde, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé.

Debian kò sun àwọn ìdì àtijọ́ níná o. Ó ń kó wọn sí snapshot.debian.org, pẹ̀lú ọjọ́ wọn, bí a ṣe ń kó ìwé sí ilé àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé àkọsílẹ̀ kì í ran ẹni tí kò mọ nọ́ńbà ìwé tó ń wá lọ́wọ́. Nítorí náà, mo dábàá pé kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá fi ètò ka ọ̀rọ̀ kọ ohun mẹ́ta sí abẹ́ tábìlì rẹ̀: èdè ètò náà àti ẹ̀yà rẹ̀, àkójọ Linux tó lò àti nọ́ńbà rẹ̀, àti álífábẹ́ẹ̀tì tí ìwé náà wà. Ìlà kan péré ni. Ẹni tí yóò yẹ iṣẹ́ wa wò lẹ́yìn ogún ọdún kò ní rí ọ̀nà mìíràn gbà.