SABON GARI KÁNÒ: ÀJÒ TÍ Ó DI ILÉ

Bí a ti ń dáwó lónìí láti kọ́ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa, ó yẹ kí a rán ara wa létí bí a ti ṣe dé ibi tí a wà yìí. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn.

Kì í ṣe rélùwéè ni ó kọ́kọ́ gbé Yorùbá dé Kánò. Kí Òyìnbó tó ṣẹ́gun ìlú náà ní 1903 ni àwọn oníṣòwò wa ti ń gbé ní Ayagi, nínú odi. Àwọn ọmọ wọn ti di ará Kánò pátápátá. Rélùwéè ni ó gbé àwọn baba tiwa wá. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í ná Kánò ní 1912, òwò ẹ̀pà búrẹ́kẹ́, iṣẹ́ sì pọ̀ fún akọ̀wé àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ìjọba ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún àjèjì lẹ́yìn odi, a sì ń pè é ní Sabon Gari, èyíinì ni Ìlú Titun. Òfin tí wọ́n ṣe lórí ìgboro ní 1917 fi ìdí ìyàsọ́tọ̀ yìí múlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí òfin yà sọ́tọ̀, ènìyàn ni ó sọ ọ́ di ilé. Yoruba Road, Ibo Road àti Gold Coast Road ṣì ń jẹ́rìí àwọn tí ó tẹ ibẹ̀ dó. Obì gbànja láti Agége wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ọjà Kánò. Ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìjẹ̀bú ń ná ọjà kan náà. Ṣọ́ọ̀ṣì ń lu agogo, mọ́ṣáláṣí ń pe ìrun, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ẹnìkejì dákẹ́.

A rí ìpọ́njú pẹ̀lú. Ní oṣù karùn-ún 1953, ìjà ọjọ́ mẹ́rin pa ènìyàn 36 gẹ́gẹ́ bí ìjọba ti kà á. Ní 1966 ni wọ́n pa àwọn aládùúgbò wa Ìgbò, tí àwọn tí ó yè sì sá lọ. Lẹ́yìn tí ogun parí ní 1970, ọ̀pọ̀ nínú wọn padà wá. Ní 2013, bọ́ǹbù bú ní ibùdókọ̀ New Road. Síbẹ̀, Sabon Gari kò túká.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé àwọn Hausa tí ó wà ní Ìbàdàn ń gbé ní Sábó, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1916. Orúkọ kan náà ni. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n má pè wá ní àjèjì níhìn-ín lẹ́yìn ìran mẹ́rin, kí àwa náà má ṣe pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nílé.

Àwọn àgbà tí ó mọ ìtàn yìí ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a kọ gbọ̀ngàn yìí, kí a sì fi yàrá kan sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ìwé àti àwòrán wọn, kí ọmọ wa lè mọ ẹni tí ó gbin igi tí òun ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀. Àjò kò ní gbé wa o. Àṣẹ.