Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Pín Lẹ́tà

Ọmọ kan sọnù ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Morogbo. Ẹ má jáyà, kò kúrò nílé. Ó ń lọ sí kíláàsì lójoojúmọ́, ó sì jókòó ṣe ìdánwò bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ló ti sọnù. Nígbà tí èsì jáde, òfo ló wà níwájú orúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́, ó bínú, ó sì yẹ kó bínú. Àwa tí a kọ sọ́fítíwíà tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ni wọ́n pè.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé Bọ́lá ni orúkọ ọmọ náà. Olùkọ́ tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́, ó sì fi gbogbo àmì sí i. Olùkọ́ tó kó máàkì wọlé fi fóònù tẹ̀ ẹ́, òun náà fi gbogbo àmì sí i. Lójú ènìyàn, Bọ́lá kan náà ni. Lójú ètò tí a kọ, Bọ́lá méjì ni: ọ̀kan ní kíláàsì, kò ní máàkì; èkejì ní máàkì, kò ní kíláàsì. Odindi ọjọ́ kan la fi wá ìdí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí a rí i, ojú tì wá, torí pé ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe ti olùkọ́ kankan.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Ìlànà kan wà tí fóònù àti kọ̀ǹpútà gbogbo ayé ń tẹ̀lé, Unicode lorúkọ rẹ̀, òun ló pín nọ́ńbà fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. "ó" ní nọ́ńbà tirẹ̀. "ọ" ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n "ọ́" tó wà nínú Bọ́lá kò ní. Ẹ̀yin lẹ máa tò ó: kí ẹ mú "ọ", kí ẹ fi àmì òkè lé e lórí. Tàbí kí ẹ mú "ó", kí ẹ wá fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Tàbí kí ẹ mú "o" lásán, kí ẹ to àmì méjèèjì tẹ̀lé e. Ọ̀nà mẹ́ta nìyẹn, ojú kò sì lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Unicode fúnra rẹ̀ gbà pé ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ti ṣàlàyé bí ètò ṣe gbọ́dọ̀ sọ wọ́n di ẹyọ kan kó tó fi wọ́n wéra. Àwa la ò ṣe é. (Àwọn tó fẹ́ràn láti fi ìlà kékeré sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì róbótó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ̀ pé ìlà yẹn ò sí nínú àdéhùn náà. Lẹ́tà mìíràn pátápátá ni lójú ẹ̀rọ.)

A tún ètò náà ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ gba èsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ò jẹ́ ká sùn. Kí ló dé tí "ấ" tí àwọn ará Vietnam ń kọ, tóun náà ru àmì méjì, fi ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀, tí "ọ́" tiwa ò fi ní?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àwọn ará Vietnam wà níbẹ̀. Ní 1989, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ Vietnam, tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ní Amẹ́ríkà, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Viet-Std. Ìjọba kọ́ ló rán wọn níṣẹ́. Àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà ni wọ́n, tó ti sú wọn pé kí ẹni mẹ́wàá máa tẹ èdè kan ṣoṣo ní ọ̀nà mẹ́wàá. Wọ́n kọ́kọ́ parí ìjà láàárín ara wọn, wọ́n sì gbé ìlànà tiwọn jáde ní 1992, VISCII lorúkọ rẹ̀. Wọ́n tún kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣètò Unicode, wọ́n sì bá wọn jiyàn. Nígbà tí Unicode 1.1 jáde ní 1993, gbogbo fáwẹ̀lì Vietnam, pẹ̀lú àmì méjì-méjì wọn, ti wọlé.

Ibi tó dùn nínú ọ̀rọ̀ náà ló kù yìí. Ẹ wo "ẹ" àti "ọ" tí à ń tẹ̀ lórí fóònù wa. Inú ọ̀wọ́ lẹ́tà Vietnam yẹn ni wọ́n wà! Àmì ohùn ni àmì abẹ́ lẹ́tà jẹ́ fún wọn. Tiwa ń yí fáwẹ̀lì padà. "ṣ" ńkọ́? Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń fi lẹ́tà Látìn kọ Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ló ti ń lò ó. Gbogbo ìgbà tí a bá tẹ "ẹ̀ṣẹ̀", ẹrù àyálò la gbé.

Ǹjẹ́ a lè lọ béèrè "ọ́" báyìí? Ó ti pẹ́ jù. Láti 2001 ni Unicode ti ti ilẹ̀kùn yẹn. Wọn kì í tún fún lẹ́tà tí a lè tò pọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ mọ́ bí ẹni pé tuntun ni, torí pé ìyẹn á da gbogbo ohun tí ayé ti kọ pamọ́ rú. Àwa ò rò pé ẹnikẹ́ni ṣe ìkà sí wa. Ìpàdé kan wáyé, a ò sí níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ìpàdé lórí lẹ́tà kì í ṣe nǹkan àjèjì ní agbègbè wa. Ẹ wọ ọkọ̀ ní Morogbo kí ẹ forí lé Seme, ẹ máa kan Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ni Samuel Ajayi Crowther gúnlẹ̀ sí ní oṣù kìíní 1845 pẹ̀lú Henry Townsend àti Gollmer. Ó ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843 kó tó débẹ̀. Lákòókò yẹn, bó bá ṣe wu kálukú ló ń kọ Yorùbá. Ìjọ CMS gbé ìlànà jáde ní 1848 lórí bí wọ́n ṣe ní láti kọ èdè tí kò tíì ní ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn ni Lepsius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, gbé álífábẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ kalẹ̀ fún èdè gbogbo ayé ní 1855. Nígbà tó di 1875, wọ́n ṣe ìpàdé ní Èkó, Crowther ló ṣáájú rẹ̀, wọ́n sì fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ ọ́. Àkọtọ́ yẹn la fi jẹun fún nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún.

Bí Bíbélì àtijọ́ bá wà nílé yín, ẹ ṣí i wò: "aiye" lẹ máa rí, àti "enia". Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ìwé lórí àkọtọ́ ní 1965. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìgbìmọ̀ kan dìde ní 1966, wọ́n sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. Láti ibẹ̀ ni "aiye" ti di "ayé", tí "enia" di "ènìyàn". Ẹ wo àwọn tó wà níbẹ̀: míṣọ́nnárì ló pọ̀ ní 1875, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ àti ọ̀mọ̀wé ló pọ̀ nínú ti ìgbà wa. Nǹkan tó ń dun kálukú ló gbé wá.

Àmọ́ àkọtọ́ 1974 kò kọjá Seme. Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn Yorùbá Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ń kọ "ɛ" níbi tí a ti ń kọ "ẹ", wọ́n ń kọ "ɔ" níbi tí a ti ń kọ "ọ", "sh" ni wọ́n sì ń kọ dípò "ṣ". Èdè kan, ìyá kan, aṣọ́bodè ló wà láàárín lẹ́tà wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lórí fóònù nìyí. Nígbà tí fóònù yín bá sọ pé "Ọjọ́ Ajé" ni òní, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù náà ló jókòó ronú rẹ̀. Àkójọ kan wà lábẹ́ Unicode tí wọ́n ń pè ní CLDR. Orúkọ ọjọ́, orúkọ oṣù, orúkọ orílẹ̀-èdè, bí a ṣe ń to lẹ́tà tẹ̀lé ara wọn, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ fún èdè kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni Android, iPhone, Windows àti Linux ti ń bu mu. Yorùbá wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ti Nàìjíríà, níbi tí oṣù kìíní ti jẹ́ "Ṣẹ́rẹ́", àti ti Benin, níbi tó ti jẹ́ "Shɛ́rɛ́". A dùn gan-an nígbà tí a kọ́kọ́ rí i. Ẹnì kan rántí àwọn ará òdìkejì aṣọ́bodè.

Ìbò ni wọ́n sì ń dì síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè béèrè ààyè láti dìbò nígbà tí wọ́n bá ṣí ètò náà fún àtúnṣe. Ẹ máa rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kọ̀ọ̀kan, ẹ máa sọ bóyá ó tọ́, tàbí kí ẹ dábàá òmíràn kí ẹ sì ṣàlàyé ìdí. Ká má parọ́, ìbò àlejò fúyẹ́ ju ìbò ilé-iṣẹ́ ńlá lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì wò láti ọdún pípẹ́, níbẹ̀ ìbò fúyẹ́fúyẹ́ ń ṣiṣẹ́. Ẹ má lọ ní ẹyọ kan. Ẹ kó ara yín jọ kí ẹ ti fẹnu kò nílé, bí àwọn Viet-Std ti ṣe.

Àwọn tí ọkàn wọn wà lọ́dọ̀ operating system gan-an náà ní ibi tí wọ́n lè lọ. POSIX, ìlànà tó jẹ́ kí ètò tí a kọ fún Unix kan lè ṣiṣẹ́ lórí òmíràn, bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹgbẹ́ àwọn aṣàmúlò tó ń jẹ́ /usr/group. Wọ́n gbé tiwọn jáde ní 1984, IEEE sì sọ ọ́ di POSIX ní 1988. Láti 1998, Austin Group ló ń tọ́jú rẹ̀, ẹnikẹ́ni lè wọ̀ ọ́ láìsan kọ́bọ̀. Ìjíròrò wọn gbẹ bí gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ ti gbọ́ o.

Bí ẹ bá rò pé àwọn òyìnbó nìkan ló ń rí ọ̀rọ̀ báyìí ṣe, ẹ wo Guinea. Ní 1989, ọmọdé méjì, Ibrahima àti Abdoulaye Barry, jókòó sí yàrá wọn ní Nzérékoré, wọ́n sì ṣẹ̀dá álífábẹ́ẹ̀tì fún èdè Fúlàní. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ẹ̀gbọ́n, àbúrò jẹ́ mẹ́wàá. Wọ́n fi ọwọ́ da ìwé kọ, wọ́n pín in fún àwọn ará ọjà. Ní 2016, álífábẹ́ẹ̀tì wọn, Adlam, wọ Unicode 9.0. Nílé níbí náà, Túndé Adégbọlá dá African Languages Technology Initiative sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Kọ́lá Túbọ̀sún sì dá YorubaName sílẹ̀, tí àwọn tirẹ̀ pín kíbọọ̀dù Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní Morogbo, Ẹ̀gùn ni ọ̀pọ̀ aládùúgbò wa ń sọ. A ò tíì rí fóònù kan tí Ẹ̀gùn wà lára èdè tí a lè yàn. Kí èdè tó lè bẹ̀rẹ̀ ní CLDR, wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè àwọn nǹkan péépèèpé: lẹ́tà wo lẹ ń lò, báwo lẹ ṣe ń pe ẹyọ kan àti púpọ̀, orílẹ̀-èdè wo lẹ ti ń sọ ọ́ jù. A rò pé wákàtí kan ló máa gbà. A pe àwọn ọ̀rẹ́ wa tó jẹ́ Ẹ̀gùn jọ ní ọjọ́ Sátidé kan, a ra mínírà àti búrẹ́dì, a sì bi wọ́n ní ìbéèrè àkọ́kọ́: lẹ́tà wo lẹ ń lò?

Èyí tó kàwé ní Àgbádárìgì ní "ẹ" àti "ọ" ni. Èyí tó kàwé ní Àjàṣẹ́ ní kí ni wọ́n ń sọ, "ɛ" àti "ɔ" ni. Bàbá àgbà kan tó ń gbọ́ wa láti ẹ̀yìn wíńdò wọlé, ó ní kí wọ́n mú bírò wá. Búrẹ́dì tán, ilẹ̀ ṣú, a ò tíì dé ìbéèrè kejì. A máa tún pàdé ní Sátidé tó ń bọ̀.