Ta Ni Yóò San Ẹ̀jẹ́ Náà? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìfẹ́-Ọkàn àti Ẹ̀jẹ́ Nínú Ìtàn Ìjọ Ọ̀tà



Ní èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń sọ̀rọ̀ gbèsè àti ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́: sísan ni a ń san méjèèjì. A kì í san ìfẹ́-ọkàn. Ẹni tí ó ń fẹ́ kí ọkàn òun mọ́, tí ó ń fẹ́ kí àdúrà òun jinlẹ̀ ju ti àná lọ, kò tí ì jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Bí ó bá gbàgbé, kò sí ẹni tí yóò wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá la ẹnu rẹ̀ níwájú Ọlọ́run tí ó sì wí pé, èmi yóò ṣe é, ó di ajigbèsè. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Àwọn baba wa mọ èyí kí ìwé tó dé. Obìnrin tí ó ń wá ọmọ a máa lọ jẹ́ ẹ̀jẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀ṣun pé bí òun bá bí, òun yóò padà wá tòun ti ọmọ àti ohun ọpẹ́. Bí kò bá sì padà wá, gbogbo ará ilé ni ẹ̀rù yóò máa bà. Nítorí náà kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́ wa ní ẹ̀jẹ́. Irú ẹ̀jẹ́ mìíràn ni ìhìnrere mú wá, àwa sì fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ ní ìlú Ọ̀tà yìí, nítorí ìbéèrè kan tí ìjọ kì í sábà bi ara rẹ̀: bí ẹnìkan bá jẹ́ ẹ̀jẹ́, láti inú àpò ta ni a óò ti san án?

Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà. Ní ọdún 1842 àwọn Ẹ̀gbá fi ogun kó o. Ní oṣù January 1843, Henry Townsend wọ Abẹ́òkúta, ó sì ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ pé àwọn tí ó tú Ọ̀tà ká ni ó kọ́kọ́ gbọ́ ìhìnrere ṣáájú àwọn tí a tú ká. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó ní December 1851, ìjọ CMS gba ọ̀nà Èkó wọ ìlú wa, àti pé kí ọdún 1860 tó pé ni a ti fi James White, ọmọ Sàró, síbẹ̀. Ó wà ní Ọ̀tà ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Àwọn ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù ṣì wà ní ilé ìkówèésí Yunifásítì Birmingham títí di òní, àwọn akọ̀tàn sì ń kà wọ́n nítorí ohun tí ó kọ nípa Egúngún àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ìlú yìí. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni bí iṣẹ́ náà ti falẹ̀ tó. Ọ̀tà kò yára. Ìlú a gbọ́ ìwàásù, a yìn ín, a sì padà sídìí eégún. Bí ó bá ṣe pé ìyìn ni White ń wá, Èkó kò jìnnà. Ẹ̀jẹ́ tí ó jẹ́ nígbà tí a gbé ọwọ́ lé e lórí ni ó dá a dúró níbi tí ìfẹ́-ọkàn nìkan ìbá ti rẹ̀. Òun ni ó jẹ́ ẹ. Òun náà ni ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ san án.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ó ń gba ìrìbọmi nígbà náà. Ẹ̀jẹ́ mẹ́ta ni Ìwé Àdúrà béèrè lọ́wọ́ ènìyàn: kí ó kọ èṣù àti iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó gba àwọn ohun ìgbàgbọ́ gbọ́, kí ó sì pa òfin Ọlọ́run mọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni ó ya ẹ̀jẹ́ wa sọ́tọ̀ kúrò lára ti odò Ọ̀ṣun. Ti odò ní òpin: ọmọ dé, ọpẹ́ dé, a ti san án tán. Ti omi ìrìbọmi kò ní ọjọ́ ìparí àfi ikú. Nítorí èyí ni a fi ń fi àwọn olùbéèrè sínú ẹ̀kọ́ fún ìgbà pípẹ́, kí ìfẹ́-ọkàn wọn lè gbó kí ẹnu wọn tó yá. Ní Abẹ́òkúta, ní 1849, a kan àbà mọ́ àwọn onígbàgbọ́ lẹ́sẹ̀ nítorí ohun tí wọ́n ti jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi san án.

Wàyí o, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Ní 1857, CMS ṣe òfin, láti ọwọ́ Henry Venn akọ̀wé rẹ̀, pé a kò gbọdọ̀ rì ọkùnrin oníyàwó púpọ̀ bọmi. Ìpàdé àwọn Bíṣọ́ọ̀bù ní Lambeth ní 1888 fi ọwọ́ sí irú òfin bẹ́ẹ̀: kí a gba irú ọkùnrin náà sínú ẹ̀kọ́, kí ó sì dúró níbẹ̀ títí ipò rẹ̀ yóò fi yí padà, ṣùgbọ́n ní ibòmíràn a lè rì àwọn ìyàwó rẹ̀ bọmi. Báyìí ni àwọn ọkùnrin kan ṣe ń jókòó nínú ìjọ ilẹ̀ Yorùbá fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n ń kọ orin, tí wọ́n ń san owó ìjọ, tí ìyàwó wọn ń lọ sídìí tábìlì Olúwa tí àwọn ń wò ó. Ìfẹ́-ọkàn ni wọ́n ní. A kò jẹ́ kí wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ́. Àwọn mìíràn lé ìyàwó jáde kí wọ́n lè rí ìrìbọmi gbà.

Ìjọ ṣe rere ní ti pé kò sọ ẹ̀jẹ́ di ọ̀jà pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n ṣé ìdána kì í ṣe ìlérí? Ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ọmọ, tí ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ kan. Bí ó bá wá lé obìnrin náà àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ jáde kí òun lè jẹ́ ẹ̀jẹ́ mìíràn ní ilé Ọlọ́run, obìnrin náà ni ó san ẹ̀jẹ́ ọkùnrin. John William Colenso, Bíṣọ́ọ̀bù Natal, ti kọ̀wé lòdì sí irú ìkọ̀sílẹ̀ yìí ní 1855, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ti aládàámọ̀, wọn kò sì fetí sí i. Ní 1988 ni Lambeth tó yí ọ̀rọ̀ náà padà: oníyàwó púpọ̀ tí ó gbàgbọ́ lè gba ìrìbọmi tòun ti àwọn aya àti ọmọ rẹ̀ tí ó gbàgbọ́, bí ìjọ ibẹ̀ bá gbà, a kò sì gbọdọ̀ fi ipá mú un lé ìyàwó kankan sínú ìyà, ṣùgbọ́n yóò ṣe ìlérí pé òun kò ní fẹ́ òmíràn mọ́ níwọ̀n ìgbà tí èyíkéyìí nínú wọn bá wà láàyè. Ẹ kíyèsí i: a kò mú ẹ̀jẹ́ kúrò. A gbé e kúrò lórí ọrùn obìnrin, a sì gbé e lé ọkùnrin náà lórí. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko ni ó gbà wá.

Jẹ́fta jẹ́ ẹ̀jẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ sì san án. Ẹnìkan lè wí pé Hánà pẹ̀lú fi ọmọ san ẹ̀jẹ́. Òtítọ́ ni; ṣùgbọ́n apá Hánà fúnra rẹ̀ ni ó ṣófo, ọkọ rẹ̀ sì mọ̀, ó sì gbà.

Ní 1918, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn tí ó gba gbogbo ayé, àwọn ọmọ ìjọ St. Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ fún àdúrà, Joseph Sadare sì jẹ́ aṣáájú láàárín wọn. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni a mọ̀ wọ́n sí. Wọ́n pinnu láti gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run nìkan fún ìwòsàn, láìlo oògùn ìbílẹ̀ tàbí ti òyìnbó, wọn kò sì fẹ́ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́. Ní 1922 wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà; àwọn wà lára gbòǹgbò ìjọ tí a ń pè ní Christ Apostolic Church lónìí. A kò lè ṣàì bọ̀wọ̀ fún ìgboyà wọn. Àgbàlagbà tí ó kọ oògùn fún ara rẹ̀ ń fi ara òun san ẹ̀jẹ́ òun. Ti ọmọ tí ó ń gbóná ní ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ní ti ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, wọ́n bi wá ní ìbéèrè tí ó tọ́: ta ni ó ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà? Ìdáhùn ìjọ wa ni pé àwọn olùṣe-onígbọ̀wọ́ ń sọ̀rọ̀ lórúkọ ọmọ, ẹrù títọ́ ọ sì wà lọ́rùn wọn, títí di ọjọ́ ìgbọ́wọ́lélórí, nígbà tí ọmọ yóò fi ẹnu ara rẹ̀ gba ẹ̀jẹ́ náà. Ìdáhùn yìí dára bí àwọn onígbọ̀wọ́ bá ń ṣe ju kí wọ́n wá ya fọ́tò lọ.

Ọ̀tà tí White mọ̀ ti yí padà. Láti bí ọdún 1980 ni àwọn ilé iṣẹ́ ti pọ̀ sí i láti Sàńgo títí dé Àgbárá, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń wọ́ wá láti gbogbo ẹ̀yà. Ilé ìsìn pẹ̀lú pọ̀. Ní 1999 ni a ṣí Faith Tabernacle, tí ó ní ìjókòó 50,000. Ní 2002 ni Covenant University bẹ̀rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Májẹ̀mú. Kò sí ẹni tí ó lè wí pé ìlú yìí kò mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́. Ní alẹ́ tí ọdún ń parí, gbogbo ìjọ kún, tiwa pẹ̀lú. Àṣà tí ó ní gbòǹgbò ni: John Wesley ti pe àwọn ènìyàn rẹ̀ láti sọ májẹ̀mú wọn dọ̀tun ní Lọ́ńdọ̀nù ní August 1755, àwọn arákùnrin wa Mẹ́tọ́díìsì sì ń ṣe é lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n Wesley béèrè ara àti ọkàn wọn. Ohun tí a ń gbọ́ ní Sàńgo lóru ọjọ́ náà sábà máa ń jọ ti Jákọ́bù ní Bẹ́tẹ́lì: bí Ìwọ bá ṣe èyí fún mi, èmi yóò fún Ọ ní èyí. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ṣèlérí owó oṣù kan gbáko bí wọ́n bá fi í sípò. Wọ́n fi í sípò. Ní January, ta ni yóò san án? Ìyàwó tí kò ní rí owó ọbẹ̀, àti ọmọ tí a dá padà láti ilé ìwé. Bí kò bá sì san án, ẹ̀rù odò Ọ̀ṣun ni yóò máa bà á nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn kan wà nínú ìjọ yìí tí kò ṣèlérí owó rí. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ òru, wọ́n sì ń dé ilé nígbà tí àwọn ọmọ ń múra ilé ìwé. Ẹ̀jẹ́ wọn kò ju pé oorun kò ní mú wọn kí wọ́n tó ka Sáàmù kan pẹ̀lú àwọn ọmọ náà. Ojú wọn a máa pọ́n, ohùn wọn a máa há. Wọn a kà á tán, wọn a sì tó lọ sùn.