Owó Ibodè Kì Í Ṣe Owó Ìtanràn

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ń ṣe, ọ̀nà ni ojú àlejò kọ́kọ́ ń rí. Ọ̀nà kò sì ṣeé là láìnáwó. Nítorí náà, bí ẹni tí ó la ọ̀nà bá ní kí àwọn tí ń gbà á san nǹkan, kì í ṣe ohun tuntun. Ìbéèrè tí ó le ni pé: ta ni yóò mú ẹni tí ó bá rú òfin lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ta ni yóò sì dá a lẹ́jọ́? Ẹ jẹ́ kí a bi ìtàn léèrè.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, odi yí àwọn ìlú ńlá ká, odi sì ní ibodè. Oníbodè a máa ṣọ́ ẹni tí ń wọlé àti ẹni tí ń jáde, a sì máa gba owó ẹyọ lọ́wọ́ àwọn alájàpá fún ọba tàbí fún ìjòyè tí ibodè náà wà lábẹ́ rẹ̀. Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ìjòyè ni ẹjọ́ ń lọ. Láàrin àwọn Ẹ̀gbá, àwọn Pàràkòyí ni ń parí ọ̀ràn òwò. Níbi yìí ni ìṣòro wà: ẹni tí ń jẹ owó ibodè lè jẹ́ ẹni kan náà tí yóò dá ẹjọ́ ẹni tí ó ráhùn nípa rẹ̀. Alájàpá tí a gba owó rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ kò ní ibòmíràn tí yóò ké sí.

Ọ̀ràn ibodè lè di ọ̀ràn òmìnira pàápàá. Ní oṣù Kìíní 1892, nígbà tí Carter jẹ́ Gómìnà Èkó, wọ́n ṣe àdéhùn pé kí Ìjẹ̀bú ṣí ọ̀nà sílẹ̀, kí wọ́n má gba owó ibodè mọ́, kí Awùjalẹ̀ sì máa gba £500 lọ́dọọdún dípò rẹ̀. Àdéhùn náà kò tọ́jọ́. Ní oṣù Karùn-ún ogun dé, Ìjẹ̀bú sì bọ́ sábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ti rí irú rẹ̀ nílé tiwọn. Àwọn ìgbìmọ̀ tí ń tọ́jú ọ̀nà níbẹ̀ a máa fi ibodè lé ẹni tí ó bá dá owó jù lọ́wọ́, kí ó lè máa gba owó fún ara rẹ̀. Láti 1839 sí 1843, àwọn àgbẹ̀ Wales wọ aṣọ obìnrin, wọ́n sì ń wó ibodè lóru. Lónìí, àwọn ọmọ wa ní Ìlú Ọba mọ M6 Toll lẹ́bàá Birmingham. Ó gùn tó máìlì 27, a sì ṣí i ní oṣù Kejìlá 2003. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ni ń gba owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ni ń mú ẹni tí ó sáré àsápajúdé. Owó ìtanràn rẹ̀ kì í wọ àpò ilé-iṣẹ́ náà.

Nílé wa ńkọ́? Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, tí ó tó kìlómítà 49, lé Lekki Concession Company lọ́wọ́ láti tún un ṣe. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 2011 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó, bí àwọn olùgbé ibẹ̀ tilẹ̀ fi ẹ̀hónú hàn. Ilé-iṣẹ́ náà lè fi ọ̀pá dábùú ọkọ̀ tí kò sanwó. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá, FRSC tí a dá sílẹ̀ ní 1988 àti LASTMA tí a dá sílẹ̀ ní 2000 ni òfin fún láṣẹ láti mú awakọ̀ tí ó rú òfin ìrìnnà. Bí ó bá jiyàn, kóòtù ni yóò dá ẹjọ́ náà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìjọba ra ẹ̀tọ́ náà padà.

Ìdí ìyàsọ́tọ̀ yìí kò jìnnà. Ẹni tí owó ìtanràn bá ń wọ àpò rẹ̀ kò ní í pẹ́ kí ó tó máa wá ẹlẹ́ṣẹ̀ kiri. Ní ọ̀pọ̀ ibi lónìí, àwọn kan ń fi igi dábùú ọ̀nà tí aráàlú fi owó ara wọn là. Wọ́n ń gba owó, wọ́n tún ń bu ìtanràn fún awakọ̀. Kí ẹgbẹ́ wa má gbà á láàyè. Bí a óò bá gba owó lójú ọ̀nà tí a là, kí ó jẹ́ pẹ̀lú àṣẹ ìjọba, kí ẹni tí ó san gba rìsíìtì, kí a sì ka iye rẹ̀ sétí ìpàdé gbogbogbò. Arúfin, kí a fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.