Ìpààrọ̀ oríkèé èjìká

Ìpààrọ̀ oríkèé èjìká jẹ́ iṣẹ́ abẹ tí àwọn oníṣègùn egungun fi ń gé orí egungun apá tó ti bàjẹ́ kúrò, tí wọ́n sì ń fi irin àti ike rọ́pò rẹ̀. Làkúrègbé, egungun fífọ́ àti jíjá iṣan èjìká ló sábà máa ń mú kí wọ́n ṣe é. Àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde náà lè pa orí egungun apá bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibẹ̀ mọ́. Nítorí náà ọ̀dọ́ pàápàá lè nílò rẹ̀.

Ìtàn

Jules-Émile Péan ṣe irú rẹ̀ ní Paris ní ọdún 1893, fún ọkùnrin kan tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti wọ egungun èjìká rẹ̀. Platinum àti rọ́bà ló lò. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì, wọ́n yọ ọ́ nítorí àkóràn. Irú ti òde òní bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ Charles Neer ní New York ní àwọn ọdún 1950. Ní 1985, Paul Grammont ti ìlú Dijon ní ilẹ̀ Faransé gbé oríkèé ayídà jáde: bọ́ọ̀lù bọ́ sí ipò kòtò, kòtò sì bọ́ sórí egungun apá, kí iṣan ńlá tó bo èjìká lè gbé apá sókè bí àwọn iṣan kéékèèké tó yí oríkèé ká bá ti já.

Àbájáde ọlọ́jọ́ pípẹ́

Nínú 100 oríkèé àtọwọ́dá, ó lé ní 90 tó máa ń ṣì wà nípò lẹ́yìn ọdún 10. Iye yìí kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀, nítorí iṣẹ́ abẹ àtúnṣe nìkan ni wọ́n ń kà: aláìsàn tí èjìká ṣì ń ro, ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kí wọ́n tún fi abẹ kan òun, wà lára àwọn tí wọ́n kà sí àṣeyọrí.

Nínú oríkèé tó tẹ̀lé ìṣẹ̀dá ara, kòtò ike ló sábà máa ń tú. Bí iṣan tó di oríkèé mú bá já, bọ́ọ̀lù á sún sókè, á sì máa mi kòtò náà síwá sẹ́yìn títí yóò fi yẹ̀. Ní ti oríkèé ayídà, ike lè máa ha egungun palaba èjìká, oríkèé sì lè yẹ̀. Ẹni tó ní i lè gbé ọwọ́ sókè dáadáa, síbẹ̀ kí ó nira fún un láti fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Àkóràn tó ṣòro mọ̀ jù ni ti Cutibacterium acnes, kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lára awọ. Ó lè fara hàn lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, láìsí ibà, láìsí ọyún, bí kò ṣe ìrora àti gígan èjìká. Nítorí pé ó ń rọra dàgbà, àwọn ilé àyẹ̀wò a máa dúró tó ọjọ́ 14 kí wọ́n tó sọ pé kò sí.

Àwọn ọkùnrin tí kò tíì pé ẹni 60 ọdún ló ṣeé ṣe jù kí wọ́n nílò àtúnṣe. Àtúnṣe kì í sábà dára tó ti àkọ́kọ́, nítorí egungun tó kù fún oníṣègùn láti fi nǹkan mọ́ ti dín.