Dírìlì Kì í Kú, Bátìrì Rẹ̀ Ló Ń Kú

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní Ìbàdàn. Tí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ máa rí dírìlì mẹ́ta tí kì í lo wáyà lórí pákó kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn. Ẹ wá iná fún wọn, wọ́n á yí. Bátìrì wọn ló ti kú, iye tí wọ́n sì ń pe bátìrì tuntun ò jìnnà sí iye odindi dírìlì. Nígbà tí mo lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ rẹ̀, ó bi mí pé, "Ìwọ tó ń ka ìtàn ní yunifásítì, ṣé àwọn tó ṣe nǹkan yìí mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é báyìí ni?" Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí mo rí lẹ́yìn náà nìyí.

Dírìlì oníná ti wà tipẹ́ kí bátìrì tó dé ìdí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Fein ní ìlú Stuttgart, ní Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣe èyí tí èèyàn lè gbé lọ́wọ́, ní 1895. Wọ́n ní ó ṣeé gbé lọ́wọ́, àmọ́ kílò méje àtààbọ̀ ló wọ̀n! Ní Amẹ́ríkà, Duncan Black àti Alonzo Decker dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Baltimore ní 1910, nígbà tó sì di 1917 wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ fún dírìlì tó ní ìdìmú bíi ti ìbọn ìléwọ́, tí ìka kan ń tẹ̀ kó tó yí. Ìrísí yẹn náà ni dírìlì ṣì ní títí di òní.

Ohun tó kù ni bí wọ́n ṣe máa bọ́ lọ́wọ́ wáyà. Ní 1961, Black & Decker gbé dírìlì oníbátìrì jáde. Nickel àti cadmium ló wà nínú bátìrì náà, irú èyí tí Waldemar Jungner, ọmọ Sweden, ti ṣe láti 1899. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ pé NASA ló dá dírìlì aláìníwáyà sílẹ̀ nítorí àtilọ sí òṣùpá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ilé iṣẹ́ yìí wà lára àwọn tó ṣe dírìlì tí wọ́n fi lu ilẹ̀ òṣùpá ní 1971, nígbà ìrìn àjò Apollo 15, ṣùgbọ́n dírìlì aláìníwáyà ti wà lọ́jà ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ ni inú bátìrì yẹn gan-an. Bátìrì nickel-cadmium kékeré kan ò ní ju 1.2 volt lọ. Kí dírìlì tó lágbára, wọ́n ní láti to púpọ̀ wọn pọ̀ sínú ilé kan. Mẹ́fà ló wà nínú èyí tó jẹ́ 7.2 volt, irú tí Makita ti Japan ń lò nínú dírìlì tó gbé jáde ní 1978. Kálukú wá ń ṣe ilé bátìrì tirẹ̀ ní ìrísí tirẹ̀. Ti ẹnì kan ò wọ ti ẹnì kejì. Irin àti kọ́pà ni inú dírìlì, ó lè lo ogún ọdún. Bátìrì ní tirẹ̀, gbogbo ìgbà tí a bá ṣáàjì rẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń dín díẹ̀díẹ̀. Wọ́n so ohun tó ń pẹ́ mọ́ ohun tí kì í pẹ́, ọjọ́ tí èyí tí kì í pẹ́ bá kú, tọ̀hún náà di ẹrù orí pákó.

Mi ò lè búra pé wọ́n jókòó gbìmọ̀ láti rẹ́ wa jẹ. Àmọ́ ẹni tó bá ra dírìlì lọ́wọ́ rẹ ní láti padà wá ra bátìrì lọ́wọ́ rẹ, owó gidi sì nìyẹn. Abájọ tí wọn ò fi kánjú. Ó di 2018 kí Metabo tó kó àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn jọ láti máa lo bátìrì kan náà, Bosch bá tirẹ̀ dé ní 2020. Síbẹ̀, bátìrì ẹgbẹ́ kìíní ò wọ ti ẹgbẹ́ kejì.

Cadmium tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ní agbègbè Toyama, ní Japan, ìdọ̀tí láti ibi tí wọ́n ti ń wa zinc ṣàn wọ odò Jinzu, odò náà ni wọ́n sì fi ń bomi rin oko ìrẹsì. Egungun àwọn tó jẹ ìrẹsì náà ń rọ̀, ó ń ṣẹ́, pàápàá ti àwọn ìyá àgbà. Igbe tí wọ́n ń ké ni wọ́n fi sọ àrùn náà lórúkọ, itai-itai, ìyẹn "ó ń dùn mí, ó ń dùn mí". Ní 1968 ni ìjọba Japan gbà pé cadmium ló fà á. Kì í ṣe bátìrì ló fa ti ibẹ̀ o, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ojú ti wà lára cadmium. Àjọ EU fòfin de é nínú bátìrì kéékèèké ní 2006, wọ́n sì yọ irinṣẹ́ aláìníwáyà sílẹ̀. Ìparí 2016 ni àyè yẹn tó parí. Ẹni tí dírìlì rẹ̀ ṣì dára wá di ẹni tó ń wá bátìrì tí wọn ò ṣe mọ́ kiri.

Nígbà yẹn, lithium ti gba ọjà. Sony ló kọ́kọ́ tà á ní 1991. Bosch fi sínú ẹ̀rọ kékeré tó ń dè síkúrù ní 2003, Milwaukee gbé ti 28 volt jáde ní 2005. Ó fúyẹ́, ó lágbára, ṣùgbọ́n ó lẹ́gẹ́. Oòrùn ń pa á. Tí a bá lò ó tán pátápátá tí a sì gbàgbé rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ó lè lọ sílẹ̀ débi pé ṣáájà á kọ̀ ọ́. Ọ̀kan péré nínú àwọn bátìrì kéékèèké inú rẹ̀ ló sábà máa ń kú, òun ló ń kó bá àwọn yòókù.

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ wa mú lò nìyẹn. Wọ́n á tú ilé bátìrì, wọ́n á kó bátìrì inú laptop ògbólógbòó sí i. Mo ti rí èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo sì ti rí èyí tí kò lo oṣù méjì, torí agbára àwọn tí wọ́n tò pọ̀ ò dọ́gba. Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà tún ní wàhálà mìíràn: 120 volt ni iná tiwọn, tiwa 230. Ẹni tí kò bá wo ẹ̀yìn ṣáájà kó tó kì í bọ iná, èéfín ló máa rí.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ra ẹ̀kẹrin, a jọ lọ ni. Kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan dírìlì rárá, bátìrì ló ní kí ẹni tó ń tà á gbé wá. Ọdún wo ni irú rẹ̀ ti wà? Ṣé wọ́n ń ta òun nìkan? Ṣé ayùn ilé iṣẹ́ yẹn náà ń lò ó? Ìkan kọ 18 volt sára, ìkan kọ 20, ẹni tó ń tà á sì ní 20 ló lágbára jù. Mo ní kó fi wọ́n wé ara wọn dáadáa. Márùn-ún márùn-ún ló wà ní ìlà nínú méjèèjì. Ìkan ka 4 volt fún ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń rí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, ìkejì ka 3.6. Bátìrì kan náà ni. Ẹ̀gbọ́n mi ra èyí tí irú bátìrì rẹ̀ ti wà lọ́jà láti 2005.

Àwọn tó ti kú wà nínú korobá ọ̀dà lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Mo ní kó má dà wọ́n sórí àkìtàn, torí lithium lè gbiná bí irin bá so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó sì ti fi téèpù lẹ ẹnu wọn pa. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe bátìrì ti dá ẹgbẹ́ tó ń gba òkú bátìrì padà sílẹ̀ láti 1994. Ó bi mí níbo lòun máa kó tòun lọ. Korobá náà ṣì wà níbẹ̀.